Àwọn Ehoro Tó Mu Àgbo Ìyá Mi

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ti bi mí títí. Lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, nídìí kànga, níbi tí a ti ń lọ ata, ìbéèrè kan náà ni: "Múlíkà, báwo ni Èkó ṣe rí?" Mo máa ń dáhùn pé Èkó dára, èrò pọ̀ níbẹ̀, omi yí i ká. Irọ́ kọ́ ni, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mo bá bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán pátá báyìí, kí ẹ má baà máa gbọ́ ààbọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Kò sẹ́ni tí kò mọ àgbo làkúrègbé ìyá mi ní Ṣakí. Èèpo igi ni, àti egbò, àti ewé, tí a ó sè títí omi rẹ̀ yóò fi dúdú. Ìyá tó bí i ló kọ́ ọ, òun náà sì kọ́ mi. Àbúrò rẹ̀, Àǹtí Ràmọ́tà, tó ti wà nílé ọkọ ní Lafiaji láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré, ló ń gbà á tà lọ́jà Jankara. Ọkọ̀ tó ń kó èlùbọ́ lọ sí Èkó ló máa ń bá wa gbé àwọn kẹ́ẹ̀gì rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni Àǹtí pè wá lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà òun, télọ̀ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọ́n ń pè ní Bàbá Wásíù, ti dùbúlẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n, ikùn rẹ̀ wú. Wọ́n ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè nílé ìwòsàn pé kí ló ń mu, ó ní àgbo ni, láràárọ̀, nítorí ìbàdí tí ìjókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ti bà jẹ́ fún òun.

"Àwọn ọmọ rẹ̀ kò tíì bú mi," ni Àǹtí wí. "Wọ́n kàn ń wò mí ni. Ìyẹn ló burú jù."

Dókítà kan wà nílé tó tẹ̀ lé tiwọn, Dókítà Àfúsátù, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ oògùn. Ó ti sọ fún Àǹtí pé ọ̀nà wà tí a fi lè mọ̀ bóyá àgbo náà ló fà á, bí wọ́n bá lè rí ẹni tó mọ̀ ọ́n sè kó wá máa sè é níwájú òun. Orúnkún ìyá mi kò gba ìrìn-àjò mọ́. Bí ó ṣe kàn mí nìyẹn. Ìyá mi fọwọ́ ara rẹ̀ di èèpo igi náà sínú àpò, ó ní, "Ṣáà rí i pé wọ́n sè é bó ṣe yẹ. Kí wọ́n má fi àìjiná bà mí lórúkọ jẹ́."

Ará Òkè

Ọ̀nà jìn, ara ro mí, ọ̀rọ̀ ọ̀nà parí. Ibi tí afárá ti gbé wa lé orí omi ni mi ò lè gbàgbé. Mo ti rò pé ọ̀sà yóò dà bí odò wa nígbà òjò, tí èèyàn á dúró níhìn-ín, tí á máa rí ẹni tó ń fọṣọ lọ́hùn-ún. Omi yìí kò ní ọ̀hún. Àwọn ọkùnrin dúró nínú ọkọ̀ ojú omi tóóró, wọ́n ń ju àwọ̀n bíi pé kò sí ọkọ̀ tó ń pariwo lókè orí wọn. Atẹ́gùn gbé òórùn iyọ̀ àti ẹja sísun wá. Obìnrin tó jókòó tì mí rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ panu dé, kí eṣinṣin má wọ̀ ọ́."

Ní Lafiaji, ilé fara ti ilé débi pé fèrèsé ẹnì kan ń wo ìkòkò ọbẹ̀ ẹnì kejì. Mo kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà ilé bí a ṣe ń kúnlẹ̀ níbí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láì kánjú. Ará Èkó ń kí èèyàn lórí ìrìn ni. Kí n tó dìde, ẹni tí mo ń kí ti dé ìta. Mo wá sọ pé "ẹ sé" níbi tí àwọn ti ń sọ pé "ẹ ṣé", àwọn ìyàwó ilé bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ o! Ó ní ẹ sé! Ará Òkè ti dé o!" Láti ọjọ́ náà, Ará Òkè di orúkọ mi. "Ará Òkè, wá jẹun." "Ará Òkè, òjò ń bọ̀, ká aṣọ ẹ." Nígbà tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, ó dùn mí. Nígbà tó yá, mo rí i pé wọn kì í fún ẹni tí wọn kò fẹ́ ní orúkọ.

Oúnjẹ wọn ni wàhálà. Ẹja láàárọ̀, ẹja lálẹ́. Wọ́n tún ní ọbẹ̀ kan, ìmọ́yọ̀, tí wọ́n ní àwọn Àgùdà tó ti Bùràsílì padà wálé ló mú un wá: ẹja tútù, tòmátì, àlùbọ́sà, òróró, ó sì kan díẹ̀ lẹ́nu. Òkèlè àkọ́kọ́, mo wá ibi tí mo lè tu ú sí, ojú Àǹtí ni kò jẹ́. Kí n tó kúrò níbẹ̀, èmi ni mò ń béèrè pé ìgbà wo la tún máa sè é.

Ilé ehoro

Dókítà Àfúsátù ti dàgbà, ó tínínrín, ó so awò ojú rẹ̀ mọ́ okùn lọ́rùn. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Màámi Dókítà. Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ tó mọ́ ju ilé ìdáná mi lọ. Àǹtí ti sọ fún mi pé ẹranko la ó fi dán àgbo náà wò, mo sì ti ń retí eku. Ehoro ni mo bá níbẹ̀, funfun báláú, ojú pupa, olúkúlùkù nínú ilé onírin tirẹ̀, gbogbo wọn ń mi imú.

Ó ṣàlàyé fún mi. Àwọn kan yóò mu àgbo, àwọn kan yóò mu omi lásán. Oúnjẹ kan náà ni wọn yóò jẹ, inú yàrá kan náà ni wọn yóò sùn. Bí àìsàn bá mú alágbo tí kò mú olómi, a ti mọ ohun tó fà á.

Mo ní, "Màámi, lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá se àgbo ló ń kọ́kọ́ mu ún. Ẹ jẹ́ kí n mu ún, kí ẹ máa wò mí."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Bó bá wá jẹ́ pé ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ọmọ mi, ṣé inú rẹ ni kí n là wò?"

Mo lọ dáná.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láàárọ̀, mo ń sè é, ó ń wọ̀n ọ́n, èmi ń di ehoro mú mọ́ àyà, òun ń ti sìríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ bọ ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ta ẹsẹ̀, wọ́n ń ha mí lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró bàtà mi, gbogbo wọn á sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Nítorí ewé ni. Níbí, èèyàn kàn ń bẹ̀rẹ̀ ja koríko fún ehoro ni. Lérékùṣù Èkó, ibo ni koríko wà? Ọjà Sandgrouse ni mo ń lọ, tí mo ń bẹ àwọn aláta àti ẹlẹ́fọ̀ọ́ fún ewé tó ti rọ. Ọ̀kan nínú wọn, obìnrin Ìjẹ̀bú kan tó lẹ́nu, máa ń tọ́jú kábéèjì sílẹ̀ dè mí.

"Ará Òkè, àwọn ehoro yìí mà ń jayé o," ló wí lọ́jọ́ kan. "Ìgbà wo la máa wá bá yín jẹ wọ́n?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò lè sọ fún un pé ẹnikẹ́ni kò ní jẹ wọ́n.

Ọ̀kan wà láàárín àwọn olómi tí etí rẹ̀ kan ya. Bí mo bá gbé e, á gbé àgbọ̀n lé ọrùn ọwọ́ mi, á dákẹ́ síbẹ̀ bíi pé ó ti dé ilé. Mi ò sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í sọ àgbò Iléyá lórúkọ. Ṣùgbọ́n a máa ń dá a mọ̀.

Lẹ́yìn Àsárì

Alfa Jímọ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ Àǹtí, ni àgbà ilé náà. Bó bá ti kírun Àsárì tán, iwájú ilé ló máa ń jókòó sí. Ọjọ́ kan ni Dókítà ń kọjá, èmi àti Àǹtí ń ṣa ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ni Alfa bá pè é.

"Dókítà, ẹ yà ná. Mo gbọ́ pé ẹ ń fún ẹranko ní májèlé."

"Àgbo ni, Alfa. A kò tíì mọ̀ bóyá májèlé ni. Ohun tí a ń wá nìyẹn."

"Ọlọ́run yọ̀ǹda kí a pa ẹran jẹ. A ó pọ́n ọ̀bẹ kó mú, a ó fún un lómi, a ò ní jẹ́ kó jìyà. Èyí tí ẹ̀yin ń ṣe yìí, díẹ̀díẹ̀ lẹ ń pa á, ẹ kò sì ní jẹ ẹ́. Kí ni ẹ ó sọ pé ẹ fi ẹ̀mí rẹ̀ ṣe?"

Dókítà kò bínú. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Alfa, àwọn tó mu àgbo yìí ní Jankara láàárọ̀ òní, ṣé ẹ lè kà wọ́n? Díẹ̀díẹ̀ làwọn náà ń mu ún. Àwọn la ti ń fi ṣe ehoro láti ọjọ́ yìí wá. Ẹni tó máa wo ẹ̀dọ̀ wọn ni kò sí."

"Àwọn yẹn fi ẹnu ara wọn béèrè rẹ̀. Ta ló bi ehoro?"

"Kò sẹ́ni tó bi í," ni Dókítà wí. "Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí irun mi tó funfun, Alfa, mi ò tíì rí èsì ìbéèrè yẹn. Mo kàn mọ̀ pé bí mi ò bá ṣe é, ìyà náà kò ní lọ. Ara ẹlòmíràn ló máa sùn lé."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀," ni Àǹtí wí. "Ilé Bàbá Wásíù ò tíì yé wò mí."

Alfa yíjú sí mi. "Ìwọ tó ń dì wọ́n mú ńkọ́, Ará Òkè?"

Mo ní, "Bàbá, wọn kì í ké. Ká ní wọ́n ń ké ni, ǹ bá ti sá lọ."

"Àìké wọn gan-an ló yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù," ni Alfa wí. Ó fa tẹ̀súbáà rẹ̀ jáde, ó ń kà á.

Mo rò pé wọn yóò di ọ̀tá lẹ́yìn èyí. Lọ́jọ́ kejì, Alfa gbé ewé mọ̀ríńgà wá láti ẹ̀yìnkùlé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó ní kí n lọ fún "àwọn tálákà wọ̀nyẹn". Dókítà náà sì rán mi sí i pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Bí àwọn ará Èkó ṣe ń jà nìyẹn. Wọn á sọ ọ́ sójú ara wọn, wọn á tún jọ mu omi.

Ẹ̀dọ̀

Alágbo kan kọ́kọ́ kọ oúnjẹ. Mo fi ewé mọ̀ríńgà tó fẹ́ràn jù kàn án lẹ́nu, ó yíjú. Nígbà tí a wo etí rẹ̀, inú ibẹ̀ tó máa ń pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ti di àwọ̀ ọsàn pípọ́n. Ó kú. Òmíràn tẹ̀ lé e. Àwọn olómi ń fò, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń fi eyín họ irin.

Ọkàn mi kọ́kọ́ sọ pé àwa la ṣèèṣì sè é jù. Mo ro ó títí, mi ò rí ohun tí mo ṣe tí ìyá mi kì í ṣe. Bó ṣe yẹ la ṣe sè é.

Mo ní, "Màámi, ó ti hàn. Ẹ jẹ́ ká dúró."

"Òótọ́ ni," ló wí. "Ó ti hàn. A ò ní fún wọn mọ́."

Inú mi dùn. Mo ti ń ronú pé màá bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n kó àwọn tó kù bọ̀ wá síbí, níbi tí koríko wà. Ó wá ní, "Lọ́la, a ó wo inú gbogbo wọn."

"Gbogbo wọn? Àwọn tó mu omi ńkọ́?"

"Àwọn náà."

"Màámi, kí ni wọ́n ṣe?"

"Wọn ò ṣe nǹkan kan. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn. Bí mi ò bá rí ẹ̀dọ̀ tó dá ṣáṣá nínú yàrá kan náà, ẹnikẹ́ni lè sọ pé ooru ló pa wọ́n, tàbí ewé ọjà, tàbí ọwọ́ mi. Wọn á sì máa ta àgbo náà lọ."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ fún mi ní ẹyọ kan péré. Ẹlẹ́tí yíya yẹn."

Ó wò mí, ojú rẹ̀ kún fún omi. "Bí mo bá fún ọ lónìí torí pé o mọ̀ ọ́n, ọmọ mi, kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀?"

Mi ò lè parọ́ fún yín, ó rọra ṣe é. Oògùn oorun ló kọ́kọ́ fún wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, kò jẹ́ kí ọ̀kan rí èkejì. Ó ń pe Bísímílà sí olúkúlùkù. Èmi ni mo di ẹlẹ́tí yíya mú, nítorí pé ọwọ́ mi ni kì í bà á lẹ́rù. Ó gbé àgbọ̀n lé ọrùn ọwọ́ mi bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó rò pé ewé ni mo mú wá.

Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ti bá mi gé inú ẹran nígbà Iléyá, ẹ mọ̀ pé mo mọ ẹ̀dọ̀. Ti olómi dán, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó rọ̀. Ti alágbo ṣì, ó ní kókó, etí rẹ̀ le bí awọ. Ọmọ ọwọ́ pàápàá á mọ̀ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Mo dúró síwájú àwọn àwo funfun wọ̀nyẹn, ìkòkò ìyá mi ni mò ń rí.

Dókítà ń fọwọ́, kò fọ̀ ọ́ tán bọ̀rọ̀. Ó ní, "Àwọn èèyàn rò pé pípa wọn máa ń mọ́ èèyàn lára."

Ìsàlẹ̀ Èkó

Ó kù kí a sọ fún Bàbá Wásíù. Àǹtí kọ́kọ́ ní òun ò ní lọ, pé wọn á wá dojú àtẹ òun dé. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Nígbà tó yá, ó wọ ìborùn rẹ̀, ó ṣíwájú mi.

Ojú ọ̀nà ní Ìsàlẹ̀ Èkó tóóró débi pé èèyàn méjì ní láti fi èjìká bẹ ara wọn. A gun àtẹ̀gùn onípákó kan. Wọ́n ti fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́lẹ̀ ní kọ̀rọ̀ yàrá. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀ wá, ó sì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ wa lè jẹ́, síbẹ̀ ó gbé àga fún wa, ó bu omi tútù fún wa, ó dúró títí a fi mu ún. Mi ò rí irú ìwà bẹ́ẹ̀ rí.

Àǹtí gbé ife sílẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Àgbo wa ni. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Àgbo wa ló ṣe é."

Ìyàwó náà kọjú sí ògiri. Bàbá Wásíù, tí kò ju egungun lọ mọ́, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí òróró, gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. "Ẹ ṣeun tí ẹ fẹsẹ̀ ara yín wá sọ ọ́," ló wí. Ó wá wò mí. "Ẹ̀yin lẹ wá láti òkè? Ìyá yín tó ń sè é, ṣé òun náà ń mu ún?"

"Láràárọ̀ ni, sà."

"Kí lẹ wá ń ṣe níbí?" ló wí. "Ẹ máa lọ sílé."

Ilé

Kí n tó kúrò ní Èkó, Àǹtí ti da gbogbo ìgò tó kù nù sí ojú gọ́tà ní Jankara, lójú gbogbo ọjà. Àwọn oníbàárà kan bú u pé ó ya wèrè. Ọṣẹ dúdú àti kàn-ìn-kàn-ìn ló ń tà báyìí. Kò pẹ́ tí mo dé tó fi pè láti sọ fún wa pé Bàbá Wásíù ti kú. Àǹtí lọ síbi àdúrà olóògbé náà. Ó ní ìyàwó olóògbé tún bu omi fún òun.

Mo ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi kí n tó jẹun. Mo retí ìbínú. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Ó ní kí n tún sọ ti àwọn tó mu omi, mo tún un sọ.

"Kí ló dé tí ẹ kò pè mí?" ló bi mí.

"Mọ́mì, ẹsẹ̀ yín..."

"Wọn ìbá gbé mi lọ. Ohun tí wọ́n ń wá nínú ehoro, inú mi ló wà. Arúgbó ni mí, mo ti bímọ, mo ti jayé. Wọn ìbá bi mí, ǹ bá sì ní ó yá."

"Wọn kò lè la inú yín, Mọ́mì."

"Ṣé o rí i," ni ìyá mi wí. "Torí èmi lè sọ pé rárá."

Ó jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi yí kúrò lára ògiri. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n ran òun lọ́wọ́, a kó èèpo igi àti egbò tó kù sínú iná. Nígbà tí àwọn kan nínú yín wá ra àgbo, tó ní òun kì í sè é mọ́, ẹ ní èmi ni mo gbé ìgbéraga Èkó wálé. Mo gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ṣì ní i nílé kó dà á nù. Mo ti rí inú ẹni tó mu ún.

Mo mú ìyá mi lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò ṣeé dá padà, pé kí a ṣáà máa ṣọ́ ọ. Mo máa ń ro ó pé ká ní ẹnì kan ti bi wá léèrè nígbà tí ìyá rẹ̀ wà láyé, kí ni à bá ti fi dán an wò nígbà náà? Ibi kan náà ni ìrònú náà ń já sí, kò sì sí àlàáfíà níbẹ̀.

Láràárọ̀, bí mo bá kúnlẹ̀ kí i, ojú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ó mọ ohun tí mo ń wá. Á yíjú sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, á fi ìka fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀, á sì dúró jẹ́ẹ́ kí n lè wò ó dáadáa.